Ewé Ìwé Tó Kọjú sí Ògiri

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Lálúpọn, tí ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé ilé Ìyá Tísà ní Ìdí-Ọdán ni ẹ ń lọ, kò ní í bi yín ní ìbéèrè kejì. Títíladé ni orúkọ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún, èmi sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè máa pè é ní "ó" báyìí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má gbìyànjú ẹ̀.

Ó kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi. Nígbà tí agbára ṣì wà, ohùn rẹ̀ le débi pé bó bá ní "Ẹ jókòó!" ní kíláàsì, àwọn tó ń kọ ebè lóko ẹ̀yìn odò á jókòó sórí ebè. Bí ẹ bá rò pé mo ti fi iyọ̀ sí i jù, ẹ yọ ìdajì rẹ̀ dànù. Ìdajì tó kù ṣì máa dùn.

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kó rí ìwé bàbá rẹ̀ ní odindi, kó sì fi ojú ara rẹ̀ kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ojú ọ̀hún sì ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ojú n'Ìbàdàn tan iná sí ọ̀kan, ó tan iná sí èkejì, ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá fẹ́ kà, ẹ tètè máa kà á o."

Josiah ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, tísà ṣọ́ọ̀ṣì tó tún ń dá oko kòkó. Kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀, Josiah mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agboolé kiri, ó ń kọ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kì í bi àwọn ọkùnrin. Ó mọ̀ pé ọmọ bíbí inú ilé ni à ń kì, àwọn ìyàwó ilé ló ń kì í. Bí wọ́n bá ń gúnyán, á gbé àpótí ti odó, á máa kọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọn kò sì ní í jẹ́ kó lọ láìjẹun. Nígbà tó fi dé agboolé tó kẹ́yìn, bẹ́líìtì rẹ̀ kò bá ihò kankan pàdé mọ́.

Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Orúkọ tó sọ ìwé náà ni Ìwé Oríkì Ilé Gbogbo ní Ìdí-Ọdán. Páálí rẹ̀ pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà wa. Ọjọ́ tí lọ́rì gbé e dé, ìyá mi sọ fún mi pé àwọn tí kò mọ̀wé rárá ló kọ́kọ́ rà á. Wọ́n ń gbé e sí imú. Wọ́n ní ìwé tuntun ń rùn bí ohun rere. Kò sí abúlé kankan nítòsí wa tó ní irú rẹ̀, àwọn ará Lálúpọn sì jowú. Wọ́n ní àwọn kò jowú. Wọ́n jowú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ilé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Baálé ibẹ̀ ayé ọjọ́un, bàbá Làmídì ọ̀rẹ́ mi, pe Josiah, ó ní:

"Josiah, o kú iṣẹ́. Ìwé yìí dára. Ṣùgbọ́n kí ni kí n máa fi oríkì ilé onílé ṣe nínú yàrá mi? Ṣé kí n máa gbé wọn sùn ni?"

Ó fa abẹ yọ, ó gé ewé tí oríkì ilé tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹ sì mọ abúlé wa. Ẹnì kan kì í dá nǹkan ṣe níbẹ̀. Kí oṣù tó parí, agboolé kọ̀ọ̀kan ti gé ewé tirẹ̀ nínú ìwé tó rà. Àwọn kan kọ́ ọ sógiri, àwọn kan tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ìyókù ìwé náà di ohun tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà. Wọ́n ní Josiah rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni." Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyá mi pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tí bẹ́líìtì kò ká mọ́! Èyí tó pa mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ikán jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan ṣe tú ká bí ọmọ ẹyẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé mọ̀ pé ewé ìwé kan ní ojú méjì. Àwọn bàbá wa kò ka ìyẹn sí. Lẹ́yìn oríkì ilé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ gan-an, lórí ewé kan náà, oríkì ilé Apẹja ló wà níbẹ̀. Ilé Apẹja náà gé ewé tiwọn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ẹní. Lẹ́yìn òjò ọdún kan wọ́n sá a sóòrùn, ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ ńlá ni o. Wọ́n ní nígbà tó jẹ ẹ́ tán, kò ké "mẹ̀ẹ́" fún ọjọ́ mélòó kan, ó kàn ń rìn láàárín agboolé bí ẹni tí wọ́n ń kì.

Láti ọjọ́ náà, oríkì ilé Apẹja kò sí níbi kankan àfi lẹ́yìn férémù ilé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tó kọjú sí ògiri. Àwọn Apẹja á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fi ojú wa lu ògiri!" Àwọn Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ á ní, "Ẹ lọ bi ewúrẹ́ yín!" Àwọn àgbà obìnrin ilé Apẹja tó mọ̀ ọ́n lórí ń kú lọ, oríkì náà sì ń kúrú sí i. Nígbà tó fi di ayé ìsinsìnyí, bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ wọn tó ti ìrìn àjò dé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Ọmọ apẹja... ọmọ apẹja... àní ọmọ apẹja o. Wá jẹun."

Ohun tí Títíladé wá dìde sí nìyẹn. Ọ̀kadà ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múyì ló ń gùn, pẹ̀lú agbòòrùn dúdú tó ń ṣí lórí eré.

"Ìyá Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa agbòòrùn yẹn dé, atẹ́gùn fẹ́ gbé wa kúrò lọ́nà."

"Ṣé èmi ni mo ń wa ọ̀kadà ni? Kọjú síwájú."

Ó rí ewé kan nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ní Lálúpọn. Ó rí ọ̀kan ní Ìrókò, lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa kan tó gbé e lọ sílé ọkọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rí òmíràn n'Ádégbayì, wọ́n fi lẹ ojú ihò ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀ títí ó fi bẹ onílé, ó fún un ní kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì láti fi rọ́pò rẹ̀. Tiwa wà nínú àpótí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi. Mo fún un kíákíá, nítorí mo mọ ohùn tó máa bá mi sọ̀rọ̀ bí n kò bá tètè fún un. Sanmí tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé n'Ádégbayì ń to ewé wọ̀nyí pọ̀ bí wọ́n ti ń dé. Nígbà tó yá, ó kù ẹyọ kan.

Èmi náà wà ní pálọ̀ Làmídì lọ́jọ́ tí Títíladé wọlé. Làmídì ni baálé ilé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ báyìí. Férémù náà wà lókè orí rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ síbẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ kun ilé, wọ́n á kun ún yí i ká.

"Tísà, ẹ káàbọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wù yín."

"Baálé, iwájú nìkan ni fóònù ń rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wá."

"Ẹ̀yìn ta ni? Ilé wa kò ní ẹ̀yìn."

"Ilé Apẹja ló wà níbẹ̀."

"Hẹn-ẹ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ibòòji dára fún wọn."

"Baálé, ìwé bàbá mi ni."

"Férémù bàbá mi ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú Títíladé, ẹ̀rín náà padà sínú. Ó dìde, ó kí i, ó jáde lọ. Ó ní ká sọ fún Sanmí kó má tíì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó tún padà wá. Ó mú iyán wá fún baálé. Làmídì jẹ ẹ́, ó yìn ín, ó ní "Rárá." Ó tún wá, ó mú àwọn ọmọ tó kọ́ wá, àwọn àgbàlagbà tí irun wọn ti funfun. Làmídì ní "Rárá" fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà rẹ̀ ẹ́. Sanmí ní òun lè tẹ̀ ẹ́ láìsí ojú ewé yẹn. Títíladé ní, "Bí eyín iwájú kan bá ti yọ, ṣé o máa sọ pé ẹnu ọ̀hún pé?"

Ẹ má rò pé ìjà ńlá ló wà láàárín ilé méjèèjì. Ìjà ẹnu ni. Wọ́n jọ ń pín omi, wọ́n jọ ń lọ yídì. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ pé ìjà ẹnu ni, Humairah, ọmọ ọmọ Làmídì, ni Ammar ilé Apẹja ń fẹ́, wọ́n sì ti fi ọjọ́ yìgì sí oṣù tó tẹ̀lé e.

Humairah ló wọlé tọ bàbá rẹ̀ àgbà lọ, ní ọ̀sán kan báyìí, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá àgbà, mo ti dé ilé Apẹja. Mo lọ kí Ìyá Mùjíbátù."

Mùjíbátù ni ìyálé gbogbo àwọn ìyàwó ilé Apẹja. Òun ló ń yan gàrí létí ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju agbada rẹ̀ lọ.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá jí nílé ọkọ, mo máa dúró láàárín agboolé, mo máa kì wọ́n, bí gbogbo ìyàwó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, 'Ìyá, ẹ̀yin náà ò mọ oríkì yín mọ́.' Wọ́n ní, 'Àwa ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a máa mọ̀ bí ìwọ náà kò bá mọ̀ ọ́n.'"

Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àgbà, abẹ́ oríkì wọn ni mo ti ń jẹun láti kékeré. Ẹ wò ó lókè yẹn. Ṣé màá wá dúró lójú gbogbo ìyàwó ilé, màá ya odi? Kí wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nílé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ nìyí?"

Ẹ ò mọ Làmídì. Ẹ lè bú u, ẹ lè bú mi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí àwọn obìnrin ilé Apẹja máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́! Ó fọwọ́ ha irùngbọ̀n, ó wo férémù, ó wo ọmọ.

"Ẹ ránṣẹ́ pe Tísà wá," ó ní. "Kí ó wá mú un kí n tó yí ọkàn padà."

Bí ẹ bá sọ pé gbogbo Ìdí-Ọdán ló wà nínú agboolé náà lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní í jìnnà sí òótọ́. Àwọn tó wà lóko padà wálé. Mùjíbátù kúrò nídìí gàrí, mo sì búra pé látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ kan ṣoṣo tó kúrò nídìí gàrí nìyẹn. Àwọn méjì gbé férémù sọ̀ kalẹ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun bí eyín ọmọdé. Nígbà tí wọ́n yọ gíláàsì, ìṣòro mìíràn yọjú. Ẹni tó ṣe férémù ayé ọjọ́un ti fi ẹ̀kọ lẹ etí ewé náà mọ́ pákó yíká.

"Ẹ fà á," ẹnì kan wí.

"Fa etí tìẹ ná," Títíladé dá a lóhùn. "Ẹ gbé omi kaná fún mi."

Omi hó. Ó ní kí wọ́n gbé pákó náà sókè ooru, kó má sún mọ́ ọn jù, kó má jìnnà. Ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki orí rẹ̀ bọ abẹ́ etí ewé náà díẹ̀díẹ̀. Òógùn ń bọ́ sí i lójú, Humairah ń fi gèlè nù ún.

"Tísà," Làmídì ní, ó ti ṣí fìlà, "bó bá ya ńkọ́?"

"Bó bá ya, èmi ni mo ya ìwé bàbá mi, Baálé. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí."

"Ẹ rọra o."

"Ẹ̀yin náà ẹ rọra. Èémí yín ń mi ìwé."

Etí kan tú. Etí kejì tú. Ẹ̀kẹta pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó kù etí ìsàlẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ní ìparí lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ, ó sì dúró sórí pákó, kò ṣeé kà mọ́. Ìyókù ewé náà gbéra wálẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ó yí i padà.

Ẹ gbọ́ ohun tí a rí. Ojú ti Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí pálọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti pọ́n, oòrùn ti jẹ ẹ́ bí àkàrà tó pẹ́ nínú epo. Ojú ti Apẹja tó kọjú sí ògiri dúdú kirikiri, ó mọ́ bí ìgbà tó ti ilé ìtẹ̀wé jáde.

Ariwo ta. Mùjíbátù ló ké jù. Ó fò mọ́ Làmídì níwájú, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Baálé, ẹ ṣeun! Ẹ mà bá wa tọ́jú rẹ̀ dáadáa! Ẹ̀yin lẹ wà nínú oòrùn, ẹ fún wa ní ibòòji!"

"Dákẹ́, ìwọ obìnrin yìí," Làmídì wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu.

Títíladé kò bá wọn pariwo. Ó gbé ewé náà sún mọ́ ojú. Lẹ́tà dúdú yẹn, kò nílò gíláàsì ojú láti rí i. Ó kà á sókè, pẹ̀lú ohùn kíláàsì tí mo ti sọ fún yín:

"Ọmọ apẹja tí í jí fi omi kí omi,
Ọmọ onígèrè tí í dẹ odò, tí kì í dẹ ènìyàn.
Ẹja ńlá kì í gbéraga lójú àwọ̀n bàbá yín,
Ẹja kékeré ń bẹ̀bẹ̀, ẹ ní kó lọ dàgbà kó padà wá.
Ẹ jẹ orí ẹja, ẹ fún àlejò ní ìrù,
Àlejò dúpẹ́, ó ní ìrù ilé yín ju orí ilé ẹlòmíràn..."

Àwọn ọkùnrin ilé Apẹja, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fọwọ́ kan ẹja rí àfi nínú ọbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Mo rí wọn. Wọ́n ń ga ni. Bàbá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ nà gbọọrọ, ọ̀pá rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Nígbà tó dé ibi tí ẹ̀kọ ti mú ìlà ìparí lọ, ó gbé ojú sókè.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Mùjíbátù béèrè.

"N kò mọ̀. Bàbá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Sanmí ní òun lè bá a ronú nǹkan kan síbẹ̀. Ó wò ó bí ó ṣe máa ń wo ọmọ tó jí iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. Ó ní, "Fi àyè sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà dé ṣáájú yìgì, odindi, kò sí ewé kan tí kò sí níbẹ̀, àyè funfun kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ ojú ewé ilé Apẹja. Mo bá Títíladé ní ìloro rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà á. Ó ń kà á, ìwé náà fẹ́ẹ̀ kàn án nímú. N kò kí i. Mo jókòó ti ara mi. Ó kà á tán, ó pa á dé, ó tún ṣí i láti iwájú. Ó ní, "Bàbá yìí jẹun o! Gbogbo ilé ló fi iyán sínú oríkì wọn." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.

Wọ́n so yìgì. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìyàwó ilé Apẹja dúró láàárín agboolé, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra, wọ́n ń wá ẹ̀sùn. Títíladé jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Humairah kúnlẹ̀, kò gbé ìwé dání. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kì wọ́n, ohùn rẹ̀ ń gòkè, Ammar tó ń bọ̀ láti kànga sọ garawa kalẹ̀ lójú ọ̀nà, omi dànù, kò mọ̀ pé òun dúró sínú rẹ̀. Kò ṣìnà nínú ìlà kankan. Ó dé ibi tí àyè wà, ó dúró.

"Ó ti parí níbẹ̀," ó ní.

"Kò tíì parí," Mùjíbátù wí. "Oríkì wo ló ń parí? Ìyàwó ilé ni ọ́. Fi tìẹ sí i."

Humairah wo agboolé yíká. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó dúró sínú ẹrẹ̀. Ó ní:

"Ọmọ ilé tí a fẹ́ mi sí tí mo bá ẹ̀rín níwájú ilé,
Tí ìyálé ń yan gàrí, tí a fi òórùn rẹ̀ mọ ọ̀nà wálé."

Àwọn ìyàwó ilé hó yèè. Mùjíbátù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní èéfín wọ òun lójú, kò sì sí iná kankan nítòsí. Títíladé ti fa pẹ́ńsùlù yọ nínú gèlè. Ó tẹ ìwé bàbá rẹ̀ sórí itan, ó ní:

"Tún un sọ, ọmọ mi. Rọra sọ ọ́, kí n lè kọ ọ́."